Ọwọ́ Méjì Nílẹ̀ Àjèjì: Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Gbé Níbi Tí Wọ́n Ti Lọ Yọ̀ǹda Ara Wọn

Aago méjì òru. Ọ̀kan nínú tọkọtaya ń bì, inú ń run ún, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Korobá omi méjì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn: ọ̀kan jẹ́ omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn, èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni korobá méjèèjì, ìdérí wọn ò sì yàtọ̀. Ẹni tó ń bì yìí ló máa ń ṣètò omi nínú ilé, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ le kò mọ èwo ni èwo. Kò mọ ibi tí oògùn wà. Kò ní nọ́ńbà dókítà tí àjọ tó rán wọn wá fún wọn, inú fóònù ẹni tó ń ṣàìsàn ló wà, fóònù náà sì wà lábẹ́ títì. Kò gbọ́ èdè ibẹ̀ dé ibi tí yóò fi lè kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kó sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Òru bí èyí ló yẹ kí tọkọtaya fi wọn ìmúrasílẹ̀ wọn kí wọ́n tó gbéra lọ yọ̀ǹda ara wọn nílẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀, ṣé èkejì lè gbé ilé ró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Nílé, pípín iṣẹ́ dára. Ọ̀kan ń mójú tó owó, ọ̀kan ń mójú tó ilé ìdáná, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ẹbí àti ará ń bẹ nítòsí. Nílẹ̀ àjèjì, àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ̀ nínú ilé ti di ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ tí ara ẹni náà ò bá yá.

Ìwé, kí ẹ tó gbéra

Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni nílẹ̀ òkèèrè ti pẹ́ díẹ̀, àwọn àjọ tó ń ṣe é sì ní òfin wọn. VSO bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, Peace Corps ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1961, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì dá ètò tirẹ̀, UNV, sílẹ̀ ní ìparí 1970; ìlú Bonn ní Jámánì ni olú-ilé-iṣẹ́ UNV wà báyìí. Àwọn àjọ wọ̀nyí ò rí tọkọtaya bákan náà. Peace Corps, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kí ọkọ àti aya kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù wọn sì yege fún iṣẹ́ tirẹ̀. Oṣù 27 ni àkókò iṣẹ́ wọn, bí oṣù mẹ́ta fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ọdún méjì fún iṣẹ́ gan-an, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kí tọkọtaya má gbé pọ̀ nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àjọ mìíràn máa ń gba ẹnì kan síṣẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kí èkejì tẹ̀ lé e.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ "tẹ̀ lé" yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, físà ẹni tó tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́, àwọn kan sì ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá mọ́ iṣẹ́. Ẹni tó rò pé òun á máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà lọ́sàn-án lè rí i pé òfin ò gbà á. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ náà, kí ìdáhùn wà lákọsílẹ̀: Ìwé àdéhùn mélòó ni, ọ̀kan tàbí méjì? Kí ni físà ẹnì kejì gbà á láyè láti ṣe? Ṣé owó ìgbọ́bùkátà jẹ́ ti èèyàn méjì tàbí ti ẹnì kan? Ṣé ìdójútòfò ìlera kan ẹni méjèèjì, ṣé ó sì san owó gbígbé aláìsàn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn bí ilé ìwòsàn ibẹ̀ ò bá tó? Bí ọ̀kan bá ní láti padà sílé nítorí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kù?

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni tọkọtaya máa ń gbàgbé jù. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ lè sọ pé òun ò gba ìwé náà bí kò bá ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní apostille, èyí tí àdéhùn ìlú Hague ti October 5, 1961 dá sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì kò bá sí nínú àdéhùn náà, ọ́fíìsì ìjọba nílé àti ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ ni yóò máa fọwọ́ sí i níkọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ yẹ orúkọ wò pẹ̀lú. Bí orúkọ ìyàwó lórí ìwé ìrìnnà bá jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, tí ti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ sì jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ̀yin mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó jókòó nídìí gíláàsì kò mọ̀. Ẹ mú ìwé tó so orúkọ méjèèjì pọ̀ dání. Ìwé ìrìnnà sì ní láti ní ó kéré tán oṣù mẹ́fà lórí kọjá ọjọ́ tí ẹ ó padà, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń béèrè nìyẹn, pẹ̀lú ojú ewé òfìfo bíi mẹ́rin fún òǹtẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un. Láti July 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn bá gbà á ti tó fún gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìrìn-àjò. Àwọn abẹ́rẹ́ kan, bí ti mẹ́dọ̀wú irú B, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Tọkọtaya tó ń retí oyún tàbí tó lóyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà náà láì fi bò, nítorí àjẹsára pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti àwọn oògùn ibà kan kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń fún aláboyún.

Ẹrù dídì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ pín aṣọ olúkúlùkù sí báàgì méjèèjì, kí ẹnì kankan má bàa wà níhòòhò bí báàgì kan bá sọnù lọ́nà. Ẹ wo ara ohun tó ń lo iná: bí wọ́n bá kọ "100–240V, 50/60Hz" sí i, kò sí ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́, orí púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ ó wá. Bí wọ́n bá kọ 120V nìkan, tí ẹ wá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 230V, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Páwà báǹkì kì í wọ inú báàgì tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ lẹ ó gbé e sí, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100Wh lọ láìgba àṣẹ. Ẹ fi iye mAh rẹ̀ lọ́nà 3.7, kí ẹ fi 1,000 pín in: ti 20,000mAh jẹ́ 74Wh, kò léwu.

Omi, ẹ̀fọn, ibà

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ilé ń tò, omi ló sì ṣáájú. Bí ẹ bá ń se omi, ẹ jẹ́ kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga ju 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí níbi gíga omi máa ń hó kí ó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ń lo bílíìṣì, ẹ ra èyí tí kò ní òórùn dídùn tàbí àwọ̀ nínú. Fún èyí tó jẹ́ ìdá márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán méjì ni fún lítà omi kan, bí omi bá mọ́ gaara. Korobá lítà 20 yóò wá gba ẹ̀kán 40, ìyẹn bíi mílílítà méjì. Bí omi bá dúdú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì ṣe ẹ̀kán náà ní ìlọ́po méjì. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ bò ó, kí ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí òórùn bílíìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí rárá, ẹ tún un ṣe, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí i. Bílíìṣì tó ti lo ọdún kan nílé kì í lágbára mọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sára ike rẹ̀.

Asẹ́ alámọ̀ tó ní ẹ̀rọ bí àbẹ́là nínú dára fún kòkòrò àti ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kéré débi pé ó ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ ṣì ní láti se omi náà tàbí kí ẹ fi bílíìṣì sí i. Bí ó bá ti ń kán díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí ló dí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, nítorí ọṣẹ yóò wọ inú rẹ̀ yóò sì máa bá omi jáde. Ibi tó máa ń bàjẹ́ jù ni ìdí àbẹ́là náà, níbi tí rọ́bà rẹ̀ ti kan ike. Bí rọ́bà yẹn bá là tàbí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú díẹ̀, omi tí a kò sẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ sísàlẹ̀, omi náà á sì mọ́ lójú bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Bí omi bá dédé ń yára kán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má yọ̀, ẹ tú u wò.

Ìgbà tó pọ̀ jù tí omi tí a ti tọ́jú ń tún bàjẹ́, ife ló ń bà á jẹ́. Ẹnì kan á ti ife bọ korobá, ọwọ́ rẹ̀ á kan omi, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti ṣòfò. Ẹ lo ohun tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà tàbí téèpù pupa ya korobá omi tí a kò tíì tọ́jú sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án nínú òkùnkùn pàápàá mọ̀ ọ́n. Èmi á ní kí ẹ so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí iná kì í sí lóru nígbà gbogbo.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, omi àti iyọ̀ ara ló ń gbé lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Lítà kan omi mímọ́, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Kí ṣíbí náà kún dọ́gba, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ojú rẹ̀. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu ju kí ẹ má ṣe é lọ, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fún un ní díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ara gbóná, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, tàbí tí omi ò dúró nínú rẹ̀ rárá, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ kọ gbogbo èyí sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú nọ́ńbà dókítà. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni méjèèjì ló mọ̀ ọ́n.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun tí wọ́n ti fi oògùn sí, ẹ na án síbi òjìji fún wákàtí 24 kí ẹ tó sùn lábẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láìsí bílíìṣì, kí ẹ má sì sá a sóòrùn, nítorí oòrùn ń pa oògùn rẹ̀. Fún èèyàn méjì, àwọ̀n tó kéré jẹ́ ẹ̀tàn. Ẹni tó sùn sétí ni apá rẹ̀ ń fara ti àwọ̀n lóru, ẹ̀fọn á sì dúró níta bu ú jẹ láti inú ihò. Ẹ ra èyí tó fẹ̀ débi pé ẹ lè ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ìbùsùn yíká, tí yóò sì tún kù díẹ̀ láàárín ara yín àti rẹ̀.

Oògùn tí ń dènà ibà, olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ó sì wà nínú páálí tirẹ̀. Nígbà tí páálí bá jẹ́ àjùmọ̀lò, ẹnì kan á rò pé òun ti lo ti òní, èkejì náà á rò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè ka iye tó kù kí ó mọ òótọ́. Doxycycline jẹ́ ojoojúmọ́, ó sì ń jẹ́ kí oòrùn tètè sun ara. Mefloquine jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fún àwọn kan ní àlá burúkú àti ìdààmú ọkàn, ẹnì kejì ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ìwà ẹni tó ń lò ó ti ń yí padà. Ẹ sọ fún ara yín, kí ẹ sọ fún dókítà. Kò sí oògùn kankan nínú wọn tó dènà ibà pátápátá. Bí ara bá gbóná ní ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ dé ibi tí ibà wà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wo ti ọ̀la" ti pa ẹni tó le koko.

Bí ajá tàbí ọ̀bọ bá bu èèyàn jẹ, omi àti ọṣẹ lójú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo aago, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti yọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é.

Ẹnu ta ni ilé yín fi ń sọ̀rọ̀?

Nínú ohun gbogbo tó ń ba tọkọtaya jẹ́ nílẹ̀ àjèjì, èdè ló ń wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jù. Ọ̀kan máa ń tètè gbọ́ ọ. Bóyá iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín èèyàn, bóyá ìtìjú rẹ̀ kéré. Ní oṣù kejì, òun ló ń bá onílé sọ̀rọ̀, òun ló ń ná ọjà, òun ló ń dáhùn bí aládùúgbò bá kí wọn. Èkejì á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dúró sẹ́yìn. Èèyàn ibẹ̀ náà á kọ́ ọ mọ́ wọn: wọn á yíjú kúrò lára rẹ̀, wọn á máa bi ẹni tó gbọ́ èdè pé, "Ṣé ara rẹ̀ le?" nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ó ti di ọmọdé nínú ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ìbínú tó bá wá tibẹ̀ jáde kì í jẹ́ orúkọ èdè. Á jáde lórí abọ́ tí wọn ò fọ̀.

Ohun tó ń dènà rẹ̀ ò le, ó kàn gba ìfaradà ni. Ẹ má kọ́ èdè pọ̀ nínú kíláàsì kan náà bí ẹ bá lè yà á. Bí olùkọ́ bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ gba wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tó yára á máa dáhùn kí ẹni tó lọ́ra tó la ẹnu. Ẹ pín ọjà sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí ọ̀sẹ̀ kàn dá lọ. Yóò ra ohun tí kò yẹ, wọn yóò tàn án jẹ díẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kí ẹ fi òfin kan dè é pé ẹnikẹ́ni kì í túmọ̀ fún ẹnì kejì níta àfi bí ẹni náà bá béèrè. Èyí tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn fún ẹni tó gbọ́ èdè, nítorí dídákẹ́ nígbà tí olólùfẹ́ ẹni ń kólòlò níwájú èèyàn dà bí ìkà. Ẹ jẹ́ kó kólòlò.

Kí ẹ sì há ohun mẹ́wàá kan sórí ní èdè ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni méjèèjì: orúkọ àdúgbò yín àti bí wọ́n ṣe ń júwe ilé, "ara ìyàwó mi ò yá," "ara ọkọ mi ò yá," "ẹ bá mi pe ọkọ̀," "ilé ìwòsàn," "mi ò lè jẹ ẹ́," "èló ni," "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́," ìkíni àárọ̀, àti ìdúpẹ́. Ìkíni ló ń ṣílẹ̀kùn jù. Ẹni tó ń kí èèyàn lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń wá wò bí wọn ò bá rí i fún ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu jọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ ránṣẹ́ sílé. Ní October 1961, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí Peace Corps rán wá sí Nàìjíríà, tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ káàdì kékeré kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó tàbùkù ìgbé ayé ibẹ̀ sínú rẹ̀. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, ọ̀dọ́bìnrin náà sì padà sílé. Àtẹ̀jáde orí fóònù ti rọ́pò káàdì lónìí, àwọn tó gbà yín lálejò sì ń kà á. Kò sí àwòrán ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé jáde láìgba àṣẹ òbí rẹ̀, kò sì sí àìní ilé tí ẹ wọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe ìtàn fún àwọn tó wà nílé. Ẹ jọ ka ọ̀rọ̀ ara yín kí ẹ tó fi síta. Ìwúlò ojú kejì nínú ilé nìyí.

Owó àti ọ̀nà

Owó ìgbọ́bùkátà olùyọ̀ǹda ara ẹni wà fún oúnjẹ, ilé àti ọkọ̀, kì í ṣe owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí owó tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàsílé méjì wà níbi tí ẹ kì í fọwọ́ kàn. Káàdì báńkì méjì, láti báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má sì sí nínú pọ́ọ̀sì kan náà. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti káàdì pa sínú ìwé, torí ẹ̀yìn káàdì ló wà, bí wọ́n bá sì jí káàdì, wọ́n jí nọ́ńbà náà lọ. Ohun tó tún máa ń dá èèyàn dúró ni síìmù ilé. Báńkì á máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà tí ẹ ò bá sì lò fún oṣù mélòó kan, iléeṣẹ́ fóònù lè gbà á padà kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ẹ máa tan síìmù náà lóṣooṣù, kí ẹ fi káàdì díẹ̀ sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí kóòdù gbogbo àkáǹtì yín máa wọ fóònù ẹnì kan ṣoṣo.

Nípa ìrìn-àjò, àárọ̀ ni kí ẹ máa gbéra. Ìjàǹbá ọkọ̀ wà lára ohun tó ń pa arìnrìn-àjò tí ara rẹ̀ le jù lọ, òru sì ń mú un pọ̀ sí i: awakọ̀ ti rẹ̀, ọkọ̀ tó bàjẹ́ dúró lójú ọ̀nà láìsí iná, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Ẹ wọ ọkọ̀ tó ní bẹ́líìtì bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Bí alùpùpù bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù ní akoto tirẹ̀ tó bá orí rẹ̀ mu, kí ó dì í lábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì gun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ àti aya lẹ́yìn awakọ̀ kan jẹ́ èèyàn mẹ́ta lórí ohun tí wọ́n ṣe fún méjì.

Ìwé ìrìnnà méjèèjì kì í wà nínú báàgì kan. Fótókọ́pì ti ọkọ wà lọ́wọ́ aya, ti aya wà lọ́wọ́ ọkọ. Ẹ gba síìmù iléeṣẹ́ fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí níbi tí ọ̀kan ò bá ti wọlé, èkejì lè wọlé. Kí ẹ tó wọ ibùdókọ̀ tàbí ọjà ńlá, ẹ fẹnu kò síbi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá pàdánù ara yín, kí ó jẹ́ ibi tí kò lè kúrò: ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, abẹ́ aago. Bí ọ̀kan bá jẹ oúnjẹ ojú ọ̀nà, kí èkejì jẹ èyí tí ẹ gbé láti ilé. Ó dà bí àṣejù títí di ọjọ́ tí oúnjẹ náà bá da inú rú, tí ẹnì kan sì ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ka ọjọ́ físà fúnra yín, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Físà tọkọtaya lè tẹnu bọpo ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n bá jọ gbà á lọ́jọ́ kan náà pàápàá, nítorí òǹtẹ̀ ìwọlé ló ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà fún àwọn kan, ọjọ́ tí wọ́n tẹ físà ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹ bá ti jáde lọ sí orílẹ̀-èdè ìtòsí fún ìsinmi, ẹ ò lè padà wọlé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù, àlejò ìgbà díẹ̀ ní ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde sì wà nínú òǹkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọjọ́ kan ṣì í kà, ìtanràn sì dé.

Yàrá kan

Nílé, tọkọtaya máa ń fi wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ya ara wọn lójúmọ́ láìmọ̀. Nílẹ̀ àjèjì, wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ níbì kan, jọ rìn padà, jọ jókòó nínú yàrá kan tí kò níná. Kò síbi tí ẹni tó ń bínú máa lọ. Ogiri náà tín-ín-rín, aládùúgbò sì ń gbọ́. Ẹ ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún olúkúlùkù, tí kò ní ṣàlàyé ohun tó fi ṣe. Kí olúkúlùkù ní ọ̀rẹ́ kan ó kéré tán níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnì kejì. Kí ẹ sì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò: owó tó kù, oògùn tó kù, ọjọ́ físà, ohun tó dùn mí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi ti ọkàn ṣe ìgbẹ̀yìn, nítorí ó máa ń rọrùn láti sọ ọ́ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti wà lórí bírò.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan odindi. Ẹni tó ń se omi kò ní fọwọ́ kàn án, ẹni tí kì í ka owó ni yóò máa kà á. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fọ aṣọ, fún àpẹẹrẹ, lè ti mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà olóoru, eṣinṣin kan ń yé ẹyin sára aṣọ ọ̀rinrin tí wọ́n sá síta, ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ara. Nítorí náà ni ó ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ìgbátí ṣòkòtò àti ojú rírán láti inú, tó sì ń yí àwọ̀tẹ́lẹ̀ síta lọ̀ ọ́. Kò sọ fún ẹnì kejì rí, nítorí kò fìgbà kan rò ó sí ìmọ̀. Ó kàn ń ṣe é ni.

Ìgbà ìpadàbọ̀ ní ètò tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀ ní èdè ibẹ̀. Ẹ san gbèsè, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé, ẹ yọ orúkọ yín kúrò lórí iná àti omi. Àwọ̀n, korobá àti asẹ́, ẹ fún aládùúgbò, kí ẹ sì fi ọwọ́ hàn án bí wọ́n ṣe ń tú rọ́bà ìdí àbẹ́là wò. Oògùn ibà kò tíì parí lọ́jọ́ tí ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú: atovaquone-proguanil ṣì ku ọjọ́ méje, doxycycline àti mefloquine ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ibà lè farapamọ́ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà bí ara ọ̀kan nínú yín bá gbóná láàárín ọdún àkọ́kọ́ nílé, kí èkejì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ti ń bọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀.